Gílóòbù Rédíò Dádì Ló Wà Nínú Pedal Mi

Praise àbúrò mi, gìtá mi bú ramúramù láàárọ̀ yìí débi pé òrùlé ilé wa ṣí lọ sí ìlú Snellville, èmi nìkan ni mo forí rù ú padà. Pedal tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí gìtá lè ké, ló fún un lóhùn yẹn! Òun ló wà nínú agolo bisikíìtì tí Mọ́mì ń kó òwú sí. Òwú wọn wà nínú fìríìjì. Má fọwọ́ kan agolo yẹn o, iná inú ẹ̀ á gbé ẹ ṣánlẹ̀. Lọ́la ní ṣọ́ọ̀ṣì, Uncle Oyèwùmí tí wọ́n ní mi ò lè ta gìtá á gbọ́ mi. Inú rédíò àtijọ́ tí Dádì gbé wá láti Ìbàdàn ni mo ti yọ gílóòbù tó ń mú ohùn pedal náà le. Bí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé...

Yéè! “Seth! Ta ló tú rédíò mi?” Dádì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Mo sá lọ o!