Ẹnu Bàbá Rẹ Tí Wọ́n Kọ̀

Panther Lick, Kentucky,
Ọjọ́ Ajé

Twyla ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo sì bẹ Olúwa kí ìwé yìí bá ọ níbi tó ti ń dùn, kó má bá ọ lórí ẹkún. Òtútù ìlú yẹn kò ní wọ̀ ọ́ légungun, àwọn awakọ̀ wọn tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé kò ní rí ọ gbá, ẹni tó bá sì ní kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má yọrí, tirẹ̀ náà kò ní yọrí. Ṣe Àmín kí o tó máa kà á lọ. Àwa tí a wà nílé ń bẹ láàyè. Màlúù funfun ti bí, akọ ni, ó sì ti ń ta ìyá rẹ̀ nípàá. Àgbàrá ti tún gbé afárá tó wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe, a sì ń wo ojú ọ̀nà.

Kí n tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ fúnra rẹ lo ń gbé e, ìwọ náà lo sì ń sọ fún mi pé o kò sí nílé. Twyla, mo mọ ohùn ọmọ tí mo bí. O ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo ní ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún nígbà tó jẹ́ ìwọ náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, o ò dá mi lóhùn. Mo tún pè, o tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn ò yí padà rárá, àfi bí ẹni tí wọ́n gbé ọ̀bẹ sí lọ́rùn. Ẹ̀rù bà mí, mo ní bóyá ẹnì kan ló dúró tì ọ́. Bàbá rẹ ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló mọ orúkọ rẹ? Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé inú rẹ kò dùn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé ìyá rẹ kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Nígbà tí o wá sílé ní Kérésìmesì, tí o ní kí bàbá rẹ ya ẹnu sójú iná, tí o ń fi kámẹ́rà ya inú ẹnu rẹ̀, abọ́ ni mò ń fọ̀ lọ ní tèmi. Ẹnu Delmer! Ọkùnrin tó ti ń fi tábà há ẹ̀rẹ̀kẹ́ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èédú, tí kò sí dókítà eyín kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí o padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, o pè wá, inú rẹ ń dùn bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. O ní tíṣà yín rí fọ́tò náà, ó pàtẹ́wọ́. O ní ìdọ̀tí tó ti di òkúta sára eyín bàbá rẹ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́, pé ẹnu yẹn lo máa fọ̀ lójú àwọn olùdánwò kí wọ́n tó fún ọ níwèé àṣẹ iṣẹ́ ìfọyín, àti pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ náà á fi pé. Ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, mi ò tíì rí ẹni tó yin ẹnu rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ẹ gan-an ò yìn ín.

Ìfura loògùn àgbà, àwọn tó wá ṣáájú wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá Nadine aládùúgbò wa, mo ro ẹjọ́ fún un. Nadine ní háà, Verna, ṣé orí rẹ pé? Ó ní ṣé mo ti gbàgbé àwọn ará ìlú ńlá tó gbé kámẹ́rà wá sí orí òkè yìí, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìtàn wa, tó wá jẹ́ pé eyín wa ni wọ́n ń yà, tí wọ́n lọ fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ayé lè fi wá ṣẹ̀sín? Ó ní àwọn kan náà ló tún dé, ọmọ mi ni wọ́n wá rán sí mi lọ́tẹ̀ yìí. Twyla, n kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ro ó títí, mo rí i pé Nadine kò parọ́. Ilé ìwé wo ló ń wá ẹlẹ́gbin? Ilé la sì ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n á wo ẹnu Delmer, wọ́n á ní áà, ibi tí Twyla ti jáde wá rèé. Mo ní kò ní ṣojú mi.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ àwọn dókítà eyín dé sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń wá tọ́jú àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, mo fa bàbá rẹ lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí lójú ọ̀nà, ó ní Verna, ọmọ yẹn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní ọmọ náà kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe. Mo ní ṣé èèyàn máa ń gbé ìkòkò tí kò fọ̀ lọ sílé àjèjì ni? Wọ́n jókòó tì í títí, wọ́n ń ha á, wọ́n ń kán an, ohun tó ń já bọ́ sínú abọ́ irin wọn ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tó jáde tó rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò purọ́ fún ọ, ojú tì mí bí ọmọge. Eyín funfun ló wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí í ṣe ọjọ́ ìdánwò rẹ, mo lọ aṣọ tó fi ń lọ síbi òkú fún un, ó wa ọkọ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní o sáré jáde wá pàdé òun, o ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá rẹ́rìn-ín, ni tìrẹ bá kú mọ́ ọ lẹ́nu. Ó ní wọ́n gbé òun lé àga tó ń dà sẹ́yìn, gbogbo wọn fi aṣọ bo imú bí ẹni tó fẹ́ fọ́ báńkì, wọ́n sì gbé ohun wíwúwo kan tí wọ́n fi òjé ṣe lé òun láyà kí wọ́n tó ya fọ́tò eyín òun. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ yìnbọn fún òun ni. Ó ní obìnrin olùdánwò náà fi irin tín-ín-rín wá gbogbo kọ̀rọ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbí fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe, kí òun máa lọ sílé. O kò bá bàbá rẹ jà. O ra kọfí fún un, o ní kó rọra wakọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń jáde, ó rí ọ nínú dígí ọkọ̀, o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ, o ń sunkún. Kò fẹnu kan ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo tí mo gbé ka iwájú rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní mo sọ ọ́ ṣáájú, ilé ìwé tó ń lé èèyàn nítorí pé ẹnu rẹ̀ mọ́, ṣé ilé ìwé nìyẹn? Bàbá rẹ wò mí, ó ní Verna, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọdé mọ oko ro, ṣé oko tí wọ́n ti ro ni wọ́n á mú un lọ? Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó síbẹ̀ títí adìyẹ fi wọlé. Mo ṣẹ̀ ọ́, Twyla. Èmi tí mo ní wọn ò ní ṣe ọ́ níbi, èmi ni mo ṣe ọ́ níbi. Bàbá rẹ ní ó ku ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan péré kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, pé bí o kò bá rí ẹnu mìíràn mú wá, gbogbo ọdún tí o ti fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn onímọ́tò kí o lè san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti wọmi nìyẹn.

Mo ní kó padà sídìí tábà kíákíá, kí n máa fún un ní tíì oníṣúgà. Ó ní òkúta eyín kì í ṣe koríko tó ń hù lọ́sẹ̀ kan. Kò tiẹ̀ fẹ́ mọ́. Ó ti ra búrọ́ọ̀ṣì! Kò sí dígí tó ń kọjá lára rẹ̀ báyìí tí kì í rẹ́rìn-ín sí, Nadine náà sì ti kíyè sí i, èyí kò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹnu kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹnu Hobert àbúrò mi. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ látìgbà ọdún Ìdúpẹ́ kan tó tu itọ́ tábà sínú abọ́ ọbẹ̀ mi, tí mo ní kó má tẹ ilé mi mọ́ àyàfi tó bá fọ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo yan páì ápù, mo gbé e gòkè lọ sílé rẹ̀.

Ó rí mi láti òkèèrè, kò dìde. Ó ní hẹ̀n-ẹ́n, ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi onílé mímọ́, kí lẹ gbé lọ́wọ́, ṣé ọṣẹ ni? Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ẹnu kan náà tẹ́ ẹ lé jáde nídìí tábìlì lẹ wá fi páì bẹ̀ lónìí, ayé mà yí o, ẹ̀gbọ́n mi! Ó ní kí n súnmọ́ ọn, kí n wò ó bóyá ó dọ̀tí tó bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó ya ẹnu. Mo tẹjú mọ́ ọn. Twyla, eyín ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ síra wọn mọ́, ògiri kan ṣoṣo ni. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí mo sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ṣe tán lójú rẹ̀, ó ní òun ò lọ. Mo rò pé ó fẹ́ gbẹ̀san ni, mo ní bó bá jẹ́ pé kí n kúnlẹ̀ ni, mo ti ṣe tán. Ó ní kí n dìde, kò kan ìyẹn. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá gbé yín lọ sílùú kí ẹ tó ṣègbéyàwó?

O mọ̀ pé eyín àtọwọ́dá ló wà lẹ́nu mi, n kò sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ rí. Láyé ìgbà yẹn níbí, bàbá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ obìnrin á sanwó kí wọ́n yọ gbogbo eyín rẹ̀ pátá, kó tó lọ sílé ọkọ, kí ọkọ má baà náwó lé e lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Kò sí ìkankan tó ń dùn mí nínú tèmi. Gbogbo àdúgbò ló yin bàbá mi. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Hobert ló jókòó sáàárín àwa méjèèjì nínú ọkọ̀, kò tíì ju ọmọ kékeré lọ, òun ló ń bá mi di aṣọ mọ́ ẹnu. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti pinnu pé aláṣọ funfun kankan ò ní wo inú ẹnu òun, kí wọ́n jẹrà síbẹ̀ ó tẹ́ òun lọ́rùn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń pe àbúrò mi ní onídọ̀tí, ẹ̀rù ló ń bà á, èmi ni wọ́n sì fi dẹ́rù bà á. A jọ jẹ páì náà tán.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ló ní òun á lọ, bí mo bá máa jókòó tì òun di òun lọ́wọ́ mú, bí ìwọ náà bá sì ṣèlérí pé o kò ní yọ ìkankan. Torí náà, kọ̀wé sí i, búra nínú rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà torí ojú rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún olùṣọ́-àgùntàn wa pé ọkọ̀ eyín kò gbọdọ̀ dé ọ̀nà ilé Hobert. Bá mi wá owó epo ránṣẹ́, ọ̀nà yípo la máa gbà nítorí afárá, kí o sì fi owó ibi tí a máa sùn sí i. Bàbá rẹ ní kí o fi ọṣẹ eyín sí i, èyí tó ń ta ẹnu.

Ara ṣì ń fu mí sí àwọn èèyàn yẹn, n kò ní parọ́, ọwọ́ wọn ni n ó máa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tìrẹ, mo ti gbà á. Ọlọ́run á mú ọwọ́ rẹ dúró lọ́jọ́ náà, kò ní gbọ̀n, ẹnu tí o bá sì fọwọ́ kàn yóò máa rántí rẹ sí rere. Ká ní irú rẹ wà nílùú lọ́dún tí bàbá mi gbé mi lọ, eyín ara mi ni ǹ bá fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Verna