Ògiri Róòmù àti Ilé Bàbá Wa

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta, 2014

Bùsírá ọmọ-ọmọ mi bí ọkùnrin lánàá. Kafáyà àbúrò rẹ̀ ṣègbéyàwó ní Sátidé. Alihamudulilai.

Lónìí, tíṣà ẹ̀kọ́ àgbà wa kó wa wọ ọkọ̀ ojú irin ní Woolwich, a lọ wo ògiri tí àwọn ará Róòmù mọ yí Lọ́ńdọ̀nù ká. Mo fọwọ́ pa bíríkì pupa inú rẹ̀. Láti ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ti jọba lé ayé lórí débí! Ọlọ́hun tóbi.

“Ta ló wá lé wọn lọ?” ni mo bi tíṣà.

“Nǹkan dàrú nílé wọn, Mummy, wọ́n bá pe ọmọ ogun wọn padà. Igbó bo ilé tí wọ́n fi sílẹ̀.”

Àbúrò mi ní ká ta ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú, torí òrùlé ń jò, kò sì sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Sàréè bàbá wà ní pálọ̀! Wọ́n ní baálé ilé kú, ilé dahoro. Èmi ò tíì kú.

Igba pọ́n-ùn ni mo ń fi ránṣẹ́ lọ́la, fún páànù.