Ẹgbẹ̀rún Ilé Kí Ó Tó Tan Iná

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta
Wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ wa: kí a wádìí ìdí tó fi jẹ́ pé iléeṣẹ́ mẹ́ta péré ló ń ta iná fún gbogbo ilé lórílẹ̀-èdè yìí. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ — Àkọ́bí, Àtẹ̀lé, Àbíkẹ́yìn. Bí Àkọ́bí bá fowó lé iná láàárọ̀, àwọn méjì yòókù á ti ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àjẹìwẹ̀yìn pọ́ńbélé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jẹ́rìí pé àwọn ń bá ara wọn díje kíkankíkan. Mọ́tò kan ṣoṣo ló gbé wọn wá. Alága ní kí n má kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Olóríkunkun wá sílé — àbúrò mi ọkùnrin. Ọdún kẹta rèé tó ti ń wá ìwé àṣẹ láti máa fi sólà tan iná fáwọn ilé. Ó ta ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ fún un, ó fi ra ẹ̀rọ. Pálọ̀ mi ni ẹ̀rọ náà wà, a ń fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá bí alákàn. Òfin ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti ta iná fún ẹgbẹ̀rún ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò níwèé àṣẹ, tó bá tà fún ilé kan péré, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìròyìn wa. Ojú ìwé kẹsàn-án.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún
Alága pè mí. Ojú ìwé kẹsàn-án kò jẹ́ kó sùn. Mo rò pé yóò ní kí n fà á ya ni. Rárá o! Ó ní kí wọ́n fún ọkùnrin yẹn nìkan níwèé àṣẹ, kí a lè kọ ọ́ pé ọjà ṣí sílẹ̀, ẹni tuntun ti wọlé. Òfin ẹgbẹ̀rún ilé kò kúrò níbi tó wà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún
Ìwé àṣẹ ti jáde! Mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n
Ọ̀la ni ìròyìn ń lọ síwájú ìjọba. Àbúrò mi yà sí ọ́fíìsì, ó kí mi kú iṣẹ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi gbólóhùn kan kún un: ẹgbẹ̀rún ilé ti kéré jù, kí ìjọba sọ ọ́ di ẹgbàárùn-ún, kí àwọn oníjìbìtì má baà ráyè wọlé. Mo ní àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n pẹ́?"