Ìyàwó Tí Mo Ń Yà fún Yasuki

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá
Mo bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ló ní kí n máa yàwòrán, pé ẹkún nìkan ò lè wo ọgbẹ́ ọkàn. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì sin ọmọ. Orí alùpùpù ni Yasuki mi kú sí, kò gbéyàwó. Nítorí náà ìgbéyàwó rẹ̀ ni màá yà, kí n gbé e kọ́ sí tẹ́ḿpìlì bá a ti í ṣe fún òkú tí ò gbéyàwó ní Yamagata níbí, kó má baà dá nìkan wà lọ́hùn-ún.

Orí-Dídán — àlùfáà wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — fà mí létí: "Ìyá Yasuki, ojú tẹ́ ẹ fúnra yín rò ni kẹ́ ẹ yà fún ìyàwó o. Ojú alààyè, rárá. Orúkọ alààyè, rárá. Tí òkú bá ti rí ìyàwó ẹ̀, á wá mú un."
Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo sùn! Ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Aṣọ ọkọ ìyàwó ti parí. Ẹnu Yasuki ló ń dà mí láàmú. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ètè ẹ̀ á gòkè lápá kan — mo yà á, mo pa á rẹ́. Ọmọ tí mo bí!
Chinami kó èso kakí wá. Òun ni Yasuki ìbá fẹ́. Olùkọ́ kan ló fẹ́ fẹ́ báyìí. "Màmá, ẹ máa wá síbi ìgbéyàwó o." Mo ní màá wá. Irọ́ ni. Inú ń bí mi. Kóun máa jayé, kọ́mọ mi wà nínú ilẹ̀!
Ó wo àwòrán náà títí. "Ẹnu ẹ̀ kọ́ nìyẹn, Màmá." Ẹ gbọ́ o.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún
Mo gbé! Ìyàwó ti lójú. Àmì dúdú kékeré wà lábẹ́ ojú òsì. Chinami ni. N ò mọ ìgbà tọ́wọ́ mi yà á. Ó sì dùn mọ́ mi — n ò pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Ọkọ̀ Chinami yọ̀ lórí yìnyín, ó já sí kòtò. Iwájú orí ẹ̀ bẹ́, àmọ́ kò kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n
Mo fọ̀dà funfun pa ojú yẹn rẹ́. Mò ń kùn ún, mò ń sunkún. Yasuki, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Mo ya ojú tí ò jọ ẹnikẹ́ni. Kò rẹwà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá
Mo gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ara mi fúyẹ́. Orí-Dídán yanu: "Òmíràn? Ọmọbìnrin kan ti gbé ti Yasuki wá tipẹ́, ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun, pé àròsọ lorúkọ ìyàwó."
Mo wo ògiri. Yasuki àti ìyàwó ẹ̀ forí kanra. Àmì dúdú lábẹ́ ojú òsì. Orúkọ nísàlẹ̀: Chinami. Kí ọkọ̀ ẹ̀ tó já sí kòtò ni Chinami fúnra ẹ̀ ti gbé e kọ́.
Mo já a sílẹ̀, mo gbé e lọ sílé. Orí-Dídán ń pariwo lẹ́yìn mi, mi ò wẹ̀yìn.
Mo pe Chinami. Mo bú u: "Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Ó ní, "Màmá, ẹ fi mí síbẹ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ sílé ọkọ. Inú àwòrán yẹn nìkan lèmi àti Yasuki ti lè jọ wà."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta
Ìgbéyàwó Chinami. Yìnyín ń bọ́.
Mo ti po ọ̀dà funfun láti àárọ̀. Kí n kàn fi kun ojú ọmọ yẹn nínú àwòrán tó gbé kọ́, ó parí. Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lẹ̀ mọ́ra. N ò lè pa tiẹ̀ rẹ́ kí n má kan ti Yasuki. Yasuki sì ń rẹ́rìn-ín. Ètè ẹ̀ gòkè lápá kan. Òun gan-an ni. Ọmọ mi.
Chinami àti ọkọ ẹ̀ á ti gbéra báyìí. Ojú ọ̀nà ń yọ̀. Ọ̀dà ti ń gbẹ nínú abọ́.