Okùn Tí Mo Nà Sójú Ọ̀nà Nítorí Obìnrin Tó Ń Dá Rìn

Yoleida, ọmọ ọmọbìnrin mi,

Báwo ni àlá rẹ ti rí láàárọ̀ yìí? Tí ó bá dára, máa lọ síbi iṣẹ́. Tí kò bá dára, wẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ kí o sì jókòó sílé, nítorí pé o ń gbé ìlú Riohacha kò ní kí àlá má ṣẹ. Kí àwọn òkú wa má rí ohun tí wọn yóò bá ọ wí lé lórí. Kí omi má wọ́n ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má gbé ọ lọ síbi tí a kò ti mọ orúkọ ìyá rẹ.

Ara mi le. Orúnkún mi ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n orúnkún kì í pa ènìyàn. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. Òjò kò rọ̀. Àbúrò mi Eliécer ti yọ eyín tó ń dùn ún, gbogbo wa ló sì ń sinmi báyìí. Tíṣà Deyanira ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó kọ ọ́ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kí ó má fi oyin sí i.

Nítorí Wilmer ni mo ṣe ń kánjú kọ̀wé, amọ̀nà tí ọ́fíìsì yín máa ń fi ṣáájú àwọn arìnrìn-àjò. Ìbínú ló bá kúrò níbí lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó ti lè máa sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá àgbà Yoleida fi okùn de àwọn oníbàárà wọn mọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ojú ọ̀nà ni mo fi okùn dè, n kò de ènìyàn kankan. Tí wọ́n bá fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé ọ kúrò níbi iṣẹ́, sọ fún wọn pé o ti gbọ́ tẹnu mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni obìnrin kan fẹsẹ̀ rìn wá, òun nìkan, ó gbé àpò tó tóbi ju ọmọ ewúrẹ́ lọ sẹ́yìn. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń dá rìn ní ilẹ̀ yìí, yálà ó ti pa ènìyàn, tàbí àwọn ìdílé ìyá rẹ̀ ti lé e. Mo ní kí Tíṣà bi í pé ta ló pa. Mo mọ̀ pé kò bi í bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti rẹ òun díẹ̀. Ó ní Milena ni orúkọ òun, láti ìlú kan tí òjò ibẹ̀ máa ń dì kó tó balẹ̀. Ó ní ìgbádùn ni òun fi ń dá rìnrìn-àjò, pé orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ni òun ti rìn báyìí. Mo ní, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló lé e? Tíṣà kò sọ ìyẹn náà fún un. Mo so àwọ̀n ìsùn kọ́ fún un lábẹ́ àtíbàbà, ó jẹ ẹja, ó lá ìka, ó sùn.

Láàárọ̀ mo bi í ní àlá rẹ̀ bí a ti máa ń bi ènìyàn. Ó ní òun rí ìyá òun tó dúró sínú òkun, tó ń na ife omi sí òun. Mo bi í bóyá ìyá náà wà láàyè. Ó ní ó kú lọ́dún tó kọjá. Yoleida, ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá lá irú àlá yẹn kì í jáde nílé. Mo ní n óò wẹ̀ fún un, kí ó jókòó tì mí kí ó kọ́ bí a ṣe ń hun àpò. Ó dúpẹ́ púpọ̀, ó sì so okùn bàtà rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rìn dé ibi iná tó ń fi ọ̀nà han àwọn ọkọ̀ ojú omi lórí òkè, pé òun yóò padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ní ta ló máa mú un lọ? Ó fi fóònù hàn mí. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ràn láti máa lọ tààrà, obìnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà fún un. Mo bèèrè pé ọmọ ìdílé wo ni obìnrin inú fóònù náà. Tíṣà ní kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, pé ojú ọ̀run ni ó ti ń rí ọ̀nà. Mo ní ẹni tó ń gbé ojú ọ̀run kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ iyọ̀ ti rọ̀, nítorí kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Ìgò omi méjì ló mú dání. Ó juwọ́ sí mi, ó lọ.

Oòrùn kan àtàrí, kò dé. Oòrùn yẹ̀, kò dé. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó máa ń gbá iyanrìn sínú ìkòkò tí a ti dé. Eliécer gun òkè kékeré ẹ̀yìn ilé, ó wò títí, ó sọ̀kalẹ̀, kò wò mí lójú. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà mí. N kò ní pa irọ́ fún ọ pé mo fẹ́ràn obìnrin náà, alẹ́ kan péré ló sùn níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn nínú àwọ̀n ìsùn rẹ tó wá kú sórí ilẹ̀ rẹ, ọrùn rẹ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ yóò rán alágbàsọ wá gba owó ẹ̀jẹ̀, tí ẹ kò bá sì rí ohun tó tó fi tù wọ́n, ẹ ó kúrò. Ìyá rẹ ṣì ń mu ọmú nígbà tí àlejò kan kú sínú kànga wa tí a sá kúrò níbí fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin pọ̀ nínú ilé wa nígbà yẹn o. Nísinsìnyí Eliécer nìkan ló kù, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ń ríran.

Bí mo ti ń rò ó ni jíìpù méjì ti ọ́fíìsì yín dé, Wilmer níwájú, àlejò mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn. Gbogbo ìgbà tí Wilmer bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ló máa ń kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, ó sì máa ń kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá gòkè, nítorí náà mo ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé arákùnrin ìyá wọn ni, ẹni tó ń dáhùn fún ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọ̀ wọn kò jọra, ṣùgbọ́n n kì í dá sí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn. Mo bá a, mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kan ti sọnù o, ẹ jẹ́ ká gbéra. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, Màmá, kò sí lórí ìwé mi, mẹ́sàn-án ni tèmi, mẹ́sàn-án sì pé. Ó ní àánú ṣe òun, ṣùgbọ́n àwọn ní láti jẹun kí àwọn sì dé orí òkìtì iyanrìn kí oòrùn tó wọ̀, nítorí wíwọ̀ oòrùn wà nínú ohun tí wọ́n sanwó fún.

Mo ní tí ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yìí bá kú ńkọ́, kí lo máa wí fún ilé ìyá rẹ̀? Ó ní gbogbo wọn ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Tíṣà gbà á, ó kà á fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí mo bá kú lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn mi kò ní bi ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ó tún un kà. Yoleida, ṣé ìwọ lo tẹ ìwé yẹn? Ẹnì kan kì í dá ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ ló ni ín, kò sì sí bí ó ṣe lè fi ohun olóhun tọrẹ. Mo wo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo ní a jẹ́ pé ọmọ òrukàn ni gbogbo wọn. Àánú wọn ṣe mí gan-an, pàápàá jù lọ bàbá kan tó sanra tó wọ ṣòkòtò péńpé.

Wilmer ti ń tan mọ́tò. Mo bá mú okùn tí a máa ń nà sójú ọ̀nà kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó fún wa ní nǹkan, mo so orí kan mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, mo so orí kejì mọ́ ìbàdí mi, mo jókòó sílẹ̀. Wilmer rò pé ti ojoojúmọ́ ni, ó mú súwíìtì àti kọfí wá. Mo mi orí. Ó mú owó wá. Mo tún mi orí, Eliécer sì figbe ta, nítorí kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí i sí ilẹ̀ yìí. Wilmer ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ níwájú àwọn èèyàn. Mo ní orúkọ wo lo ní tí mo fẹ́ bà jẹ́, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n kà dé mẹ́sàn-án tí o kò mọ̀ ọ́n kà dé mẹ́wàá? Ó ní òun máa gba orí mi kọjá. Mo ní ó yá, gba orí mi, Eliécer yóò wá kí ọ nílé.

Àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ya mí ní fọ́tò. Bàbá oníṣòkòtò péńpé bèèrè bóyá eré náà wà nínú ohun tí àwọn sanwó fún. Obìnrin kan tó dé fìlà pupa ló bi Tíṣà pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Nígbà tó gbọ́ tán, ó lọ gbé omi rẹ̀ nínú jíìpù, ó wá jókòó tì mí nínú eruku. Ẹlòmíràn wá. Bàbá náà wá, ó ṣòro fún un láti jókòó, àwa méjì la fà á sílẹ̀. Nígbà tó yá Wilmer nìkan ló dá dúró láàárín jíìpù méjì òfìfo. Ó ní ó dáa, ó dáa, ó dáa.

Èmi náà kì í ṣe aṣiwèrè, mo fi àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣe ìwọ̀fà lábẹ́ àtíbàbà. Wilmer wa jíìpù kan, Eliécer jókòó sí iwájú ọkọ̀ níta, ó ń fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ka ẹsẹ̀ lórí iyanrìn kí atẹ́gùn tó gbá a tán. A jókòó. Ẹnikẹ́ni kò jẹun, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti gbé ẹja kalẹ̀. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, ẹnì kankan kò wò ó. Mo ń ka àwọn ewúrẹ́ tí mo lè fi sílẹ̀ lọ́kàn mi, mo sì ń ka àwọn tí mo lè kó sá.

Nígbà tí eruku jíìpù yọ, orí méjì ni mo rí níwájú rẹ̀, ti Wilmer àti ti Eliécer. Obìnrin onífìlà pupa di apá mi mú, ó dùn mí. Eliécer sọ̀kalẹ̀, kò yára, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Milena dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ètè rẹ̀ dúdú, iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Mo gbé ìka sí imú rẹ̀. Atẹ́gùn kankan kò kàn án. Mo lá ìka náà kí ó tutù, mo tún gbé e síbẹ̀. Èémí wà.

Ilẹ̀ iyọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ti bá a. Eliécer ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà ó sì kọjú sí ohun dídán yẹn tó máa ń dà bí omi lọ́sàn-án, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta wa pàápàá kì í tẹ̀ lé. Fóònù ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Wilmer bú sẹ́kún, ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan. Mo fún un ní omi. Nígbà tó mu ún tán ló rántí pé oòrùn ti wọ̀, ó bá tún bínú.

Ọjọ́ méjì ni ibà fi bá Milena jà, mo ń kán omi ọkà sí i lẹ́nu. Òní ló la ojú. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni arákùnrin ìyá rẹ̀, kí a lè ránṣẹ́ sí i. Ó ní ìyá òun kò ní arákùnrin, kò ní arábìnrin, pé kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ̀ pé òun wà níbí. Kò sunkún, bí ẹni ń sọ iye ẹja ni ó ṣe sọ ọ́. Eliécer yọ̀, ó ní a jẹ́ pé lásán la bẹ̀rù, kò sí ẹni tí ì bá wá bá wa. Mo ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́. Mo ní ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló wúwo jù, nítorí kò sẹ́ni tí a ó tù nínú tí yóò fi tán.

Mo bá jẹ́ kí Tíṣà sọ fún un, mo sì dúró tì í kí ó lè sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí: láti òní lọ èmi ni n óò máa bèèrè rẹ. Tí o bá kú sórí ilẹ̀ àwọn ìdílé Ipuana, èmi ni n óò rán alágbàsọ sí wọn, mo sì ti dàgbà, n kò lágbára ìjà, nítorí náà má kú. Ó ní òun fẹ́ máa lọ sí Punta Gallinas, ṣóńṣó ilẹ̀ tó wọnú òkun, lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan, pé ẹsẹ̀ ni òun yóò fi rìn.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kọ orúkọ rẹ̀ kún ìwé Wilmer fún Sátidé, kí ó di mẹ́wàá, kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n sì gbé e bọ̀. Fi owó ọkọ̀ tó ń gbé omi wá ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn, omi inú àgbá wa ti dé ìsàlẹ̀, obìnrin yìí ń mu bí màlúù. Bá mi ra oògùn orúnkún, má ra èyí tó ń rùn.

Kí ilé tí o bá wọ̀ mọ̀ pé o wọlé, kí wọ́n sì mọ̀ nígbà tí o kò bá tíì dé. Èmi ìyá ìyá rẹ, Zoila Uriana. Mo ti gbé bàtà Milena pamọ́, Tíṣà pàápàá kò mọ ibi tó wà.