Ta Ló Ní Kí O Fi Orúkọ Àkíbù Sọ Aláǹtakùn?

Abúlé Alápàta,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 1970.

Nọ́fíù Àkànjí ọmọ mi,

Asalamu alaekun. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà rẹ, mo sì ti bèèrè ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n má rò pé inú mi dùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Pọtakọ́ọ̀tù tí o wà yẹn mú ọ gbàgbé ilé, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n lé ọ kúrò ní ọ́fíìsì, àmín. Ìyá rẹ Asiata kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń sàn, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, àgbàdo ọdún yìí ò ṣe dáadáa nítorí òjò tètè dá. Kíkí parí. Ìjà ló kàn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni lẹ́tà rẹ dé, pẹ̀lú ìwé òyìnbó tó ń dán tí o fi sínú rẹ̀, tí àwòrán aláǹtakùn wà lójú ìwé àkọ́kọ́. O ní kí a bá ọ yọ̀. O ní nígbà tí o rí aláǹtakùn náà, o gbé e fún ọ̀gá rẹ òyìnbó tó fẹ́ràn kòkòrò, òun náà fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ní irú rẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, wọ́n wá ní kí ìwọ tí o rí i sọ ọ́ lórúkọ. Nínú gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ ọ̀run, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni o mú. Àkíbù, àkọ́bí mi, tó lọ ta aṣọ ní Pọtakọ́ọ̀tù, tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìyá yín ò tíì sùn àsùnpa láti ìgbà náà. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ìwọ wò, Nọ́fíù? Ihò ni o wò!

Mo ránṣẹ́ pe Tíṣà Ọláídé tó ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé, mo ní kó wá túmọ̀ ìwé òyìnbó náà fún mi. Ó ní aláǹtakùn náà kì í ta okùn sára ògiri bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń gbẹ́, yóò fi okùn ara rẹ̀ tẹ́ inú ihò náà bí ẹni tẹ́ ẹní, yóò wá fi amọ̀ àti okùn ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń pa dé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò jókòó sí. Bí èèrà bá ń kọjá lọ, á ṣí i, á já èèrà gbà, á tún pa á dé, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ṣí i láti ìta, á fi èékánná di ilẹ̀kùn mú gírígírí láti inú. Mo bi Tíṣà pé kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀, nígbà tí a wà lọ́mọdé a máa ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ro irú ihò bẹ́ẹ̀ lóko bàbá mi. Ó ní ti Pọtakọ́ọ̀tù yìí yàtọ̀, ilẹ̀kùn tirẹ̀ nípọn bí ìdérí ìgò, ẹ̀gún méje sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ iwájú. Mo ní bó bá jẹ́ irun ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà, ẹ̀dá tuntun ni gbogbo àna mi.

Ó tún kà síwájú. Ìwé ní abo ni. O fi orúkọ ọkùnrin sọ obìnrin. Ó tún ní a kò tíì mọ akọ rẹ̀. Mo ní kí Tíṣà tún un kà, ó tún un kà, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ayé. Àbí irú ẹbí wo ni o fẹ́ kó wa wọ̀? Èyí tó wá burú jù ni ibi tí wọ́n fi í sí, inú ìgò ọtí ni, nílé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń kó òkú ẹran jọ sí, wọ́n sì so nọ́ńbà mọ́ ọn bí ẹlẹ́wọ̀n. Tíṣà ní ọtí náà ni kò ní jẹ́ kó jẹrà. Èmi Sàláwù tí ọtí ò kan ẹnu mi rí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, orúkọ ọmọ mi wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọtí títí ayé. Nígbà tí Ààfáà Tàófíìkì gbọ́, ó bèèrè pé ta ló pe orúkọ náà sí i létí, ṣé ọjọ́ kẹjọ ni, àgbò dà? Mo bi Tíṣà pé níbo ni etí rẹ̀ wà. Ó ní ìwé ò sọ̀rọ̀ etí, ojú mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ojú mẹ́jọ, kò sì sí ìtìjú nínú ẹyọ kan!

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ mọ́tò lọ sí kọ́ọ̀tù Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní mo fẹ́ búra kí n sì gba orúkọ ọmọ mi padà. Akọ̀wé fà fọ́ọ̀mù jáde, ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́. Ó bèèrè orúkọ, mo ní Àkíbù. Ó bèèrè iṣẹ́, mo ní ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ṣe ilẹ̀kùn, ó bá kọ káfíńtà. Ó bèèrè ibi tó ń gbé, mo ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìgò. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè wò mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí kálàmù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní kí baba máa lọ sílé, kí n lọ mú ẹni tó ni orúkọ wá, kó wá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Mo bú u, mo jáde. Mo ti dé gáréèjì kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára, mo sì jókòó sórí òkúta níbẹ̀, mọ́tò méjì kún, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ ni mo fẹ́ kọ báyìí. Tíṣà ní ìlà kan wà níbẹ̀ tó sọ pé ní ìrántí Àkíbù ẹ̀gbọ́n mi, olóògbé. Ta ló kú? Ta ló sọ fún ọ? A kì í ṣe ìrántí ẹni tó wà láyé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ààfáà ti wá bá mi pé kí a kírun sí i lára, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lé e jáde, n kò rí òkú, n kò sì ní kírun òkú. Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Mo mọ̀, èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ṣì ń fi ẹran sílẹ̀ fún un nínú ìkòkò ọbẹ̀, mo sì bẹ Tíṣà kó fo ìlà yẹn nígbà tó ń kà á fún un.

Àná ni mo tún pe Tíṣà, mo ní kó ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní ibi tí wọ́n ti rí aláǹtakùn náà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Rumuomasi ní Pọtakọ́ọ̀tù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan tó ti wó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn dé orókún kó tó jáde, N. Sàláwù ló rí i. Mo mọ kànga yẹn. Àkíbù mú mi débẹ̀ lọ́dún 1965, omi rẹ̀ ni mo fi ṣe àlùwàlá. Nọ́fíù, akọ̀wé ni ọ́. Kálàmù ni wọ́n fún ọ ní ọ́fíìsì, wọn ò fún ọ ní ṣọ́bìrì. Kí lò ń wá nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ? Ta ló júwe ibẹ̀ fún ọ? Nígbà tí aláǹtakùn náà jáde, ṣé o dúró ni, àbí o gbẹ́ síwájú sí i? O sọ fún ọ̀gá rẹ, o sọ fún Lọ́ńdọ̀nù, èmi tí mo bí i ni o fi àwòrán kòkòrò ránṣẹ́ sí.

Ìyá rẹ ní kí o fi owó iyọ̀ àti kẹrosíìnì ránṣẹ́. Èmi, owó ọkọ̀ ni mo fẹ́, kó dé kí oṣù yìí tó parí, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n ní ọ̀nà ò tíì dára, n kò bèèrè bó ṣe rí. Kó jẹ́ owó àlọ ẹnì kan àti owó àbọ̀ ẹni méjì. Bí Àkíbù bá wà láàyè, yóò jókòó tì mí. Bí kò bá sí láàyè, ìwọ ni yóò fi ibẹ̀ hàn mí, n ó gbé e lé itan títí a ó fi délé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lálọ, kó ṣọ́ ọ lábọ̀, kó má jẹ́ kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ yẹn gbé ọ mì. Nínú ọmọkùnrin méjì tí mo bí, ìwọ nìkan ni mo mọ ibi tó wà.

Èmi ni bàbá yín,
Sàláwù.