Irin Tó Mú Ọwọ́ Bàbá Yín Dúró

Olúrántí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá níbẹ̀ yẹn? Ṣé o ń jẹun? Àwa náà ń bẹ láàyè ní Ìdó-Ilé níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó fi ẹ́ fún wa kò ní gbà ẹ́ lọ́wọ́ wa.

Mo rí fídíò tó o fi ránṣẹ́. Bó o ṣe fa ọrun tẹ́ ẹ fi ń ta ọfà níbi eré ìdárayá yín yẹn, tó o kọjú rẹ̀ sí wa, kíá ni mo yí fóònù sára ògiri, torí bàbá yín ń yọjú léjìká mi. Mo yẹ ògiri wò títí, kò lu. Ohun tó wá bí mi nínú ni ọ̀pá gígùn tí kóòṣì yín so mọ́ iwájú ọrun, tó tún to irin sí i lórí. Mo ní ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣebí ẹrù là ń sọ̀ fún un. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti wá bẹ kóòṣì náà kó o tó pè, tó o ní irin yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ọrun máa mì, àti pé tó o bá ti fà á dópin, àwọn wíìlì ara rẹ̀ á gba ẹrù náà, díẹ̀ ló máa kù sọ́wọ́ ẹ. Ohun tó wúwo níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń fúyẹ́ nígbẹ̀yìn! Ìgbéyàwó tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o.

Àṣé bàbá yín ń gbọ́. O mọ̀ pé ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n láti èṣí. Ohun tá ò sọ fún ẹ ni pé lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n da wáìnì sára aṣọ funfun fíkà wa, fíkà sì rọra ní kí wọ́n lọ sinmi, kí Akínyẹmí ọmọ ìjọ wa máa bá òun gbé ago Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń gbé ago yẹn. Látìgbà náà wọn kì í fẹ́ jẹun lójú èèyàn mọ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ irin yẹn, wọ́n lọ bẹ fíkà fún ọjọ́ Ìsinmi kan péré sí i, fíkà sì gbà.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n tú àgádágodo ńlá ẹnu ilé ewúrẹ́, wọ́n fi àkísà wé e, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n gbé ife omi rìn yí àgbàlá po, kò dà. Wọ́n ní ohun tí kóòṣì Olúrántí wí làwọn ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, àgádágodo wà lábẹ́ apá aṣọ wọn, ewúrẹ́ wà nínú oko ẹ̀gẹ́ ìyá Grace aládùúgbò wa. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n gbé ago dé ọ̀dọ̀ mi, kò gbọ̀n rárá. Èmi ni mo gbọ̀n, tí eyín mi ń kan ago.

O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi bẹ kóòṣì, mo ti bú u. Jọ̀ọ́, wá owó àgádágodo mìíràn ránṣẹ́, torí bàbá yín láwọn ò ní dá ti ewúrẹ́ padà, ìyá Grace ò sì kí mi mọ́. Ibi tó o bá fojú sùn ni ọfà ẹ máa bá. Nígbà tí ìwọ náà bá darúgbó, wàá rí ẹni tí yóò mú ọwọ́ ẹ dúró.

Èmi ni ìyá ẹ,
Mary